TA NI Ó KỌ̀WÉ SÍ ORÍ SÍLÉÈTÌ RẸ?

KÍKÀ BÍBÉLÌ: Gẹ́nẹ́sísì 35:16-20, Kólósè 2:13-15

ÀKỌ́SÓRÍ: 2 Kọ́ríńtì 3:3 (Kí gbogbo ilé ṣí i, kí ẹ sì kà á papọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.)

Ẹni tí ó bá lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí ìwé kíkọ kò tíì pọ̀ yóò rántí síléètì. Òkúta dúdú pẹlẹbẹ ni, tí a fi igi ká etí rẹ̀. Òun ni ọmọdé máa ń há sí abíyá lọ sí ilé-ìwé. Orí rẹ̀ ni ó ti ń kọ a, b, d. Orí rẹ̀ náà ni ó ti ń ṣe ìsirò. Ohun tí a bá kọ sí i kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, a ó pa á rẹ́, a ó sì kọ òmíràn.

Ṣùgbọ́n síléètì mìíràn wà tí kò rọrùn láti parẹ́ bẹ́ẹ̀. Sólómọ́nì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú Òwe 3:3 àti Òwe 7:3. Pọ́ọ̀lù náà sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àkọ́sórí wa ti òní. Ọkàn ènìyàn ni. Bíbélì jẹ́ kí ó yé wa pé a lè kọ̀wé sí ọkàn bí a ti ń kọ̀wé sí wàláà, àti pé Ẹ̀mí Ọlọ́run alààyè fẹ́ kọ̀wé síbẹ̀. Ìbéèrè òwúrọ̀ yìí ni pé: kí Ẹ̀mí Mímọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ta ni ó ti kọ̀wé síbẹ̀? Kí ni ó kọ? Ṣé o ṣì ń kà á títí di òní?

Olùfẹ́, ilé-ìwé kọ ohun rere sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé. Agogo òwúrọ̀ kọ́ wa pé àkókò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bá tò sí ìlà, tí olùkọ́ ń wo èékánná, eyín àti aṣọ wa, a kọ́ ìmọ́tótó. Nígbà tí a bá pín koríko fún oníkálukú láti gé, a kọ́ pé ìpín ẹni ni ẹni ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn tí ó lọ sí ilé-ìwé ìjọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Jósẹ́fù, ti Dáfídì àti ti Olúwa wa Jésù Kristi. Pọ́ọ̀lù rán Tímótì létí pé láti kékeré ni ó ti mọ Ìwé Mímọ́ (2 Tímótì 3:15). Bí olùkọ́ kan bá di ọwọ́ rẹ mú lórí síléètì títí o fi mọ lẹ́tà kọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Má ṣe jẹ́ kí ohun rere wọ̀nyí parẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun rere nìkan kọ́ ni a kọ. Bí ọmọ bá ṣe ìsirò tí kò gba ọ̀kankan, òdo ni olùkọ́ yóò kọ sí i. Èyí kò burú, nítorí ohun tí ó gbà ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ìgbà tí òdo náà bá kúrò lórí síléètì, tí ó wá di orúkọ ọmọ. “Olódo!” Wọ́n á ní kí ó gun orí àga dúró. Gbogbo kíláàsì á hó lé e lórí. Bí wọ́n bá lu agogo eré, orúkọ náà á tẹ̀ lé e dé pápá, á tẹ̀ lé e dé ilé, àbúrò rẹ̀ náà á sì mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì, síléètì ti mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ náà kò mọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Ẹni tí à ń bá wí kò jìnnà. Ó lè ti pé ọmọ 60 ọdún. Ó lè ti kọ́lé, kí ó ra ọkọ̀, kí ó sì ti fi ọmọ fún ọkọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó ka ẹsẹ Bíbélì kan nínú ìpàdé ilé-dé-ilé, á ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé. Bí olùṣọ́-àgùntàn bá fẹ́ fi iṣẹ́ Ọlọ́run lé e lọ́wọ́, á ní, “Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀wé ṣe é.” Àwọn ará á rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ohun tí a kọ sí i lọ́kàn ní kíláàsì kejì ni ó ṣì ń kà. Arábìnrin kan sì wà, nígbà tí owó kò tó, wọ́n mú un kúrò ní ilé-ìwé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè máa lọ. Wọ́n ní obìnrin ni, ilé ọkọ ni yóò kúkú lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gbà pé ohun rere kò tọ́ sí òun. Bí ó bá ń gbàdúrà, á bẹ Ọlọ́run fún gbogbo ènìyàn, kò ní lè bẹ̀ Ẹ́ fún ara rẹ̀.

Bí ìwọ ni, Olúwa rán ọ̀rọ̀ sí ọ lónìí. Gbọ́ nǹkan márùn-ún wọ̀nyí.

1. ÌSIRÒ TÍ KÒ GBÀ KÌ Í ṢE ỌMỌ TÍ KÒ GBÀ. Ọlọ́run ń bá ọmọ Rẹ̀ wí. Hébérù 12:11 fi yé wa pé ìbáwí kì í dùn nígbà tí à ń gbà á, ṣùgbọ́n ó ń so èso àlàáfíà fún ẹni tí ó bá kọ́ ọgbọ́n nínú rẹ̀. Nítorí náà, a kò sọ pé kí a máa pe òdo ní mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Jésù ti ṣe é. Ó mọ gbogbo àṣìṣe tí Símónì yóò ṣe, títí kan sísẹ́ tí yóò sẹ́ Ẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí Ó kọ́kọ́ rí i, orúkọ àpáta ni Ó fi pè é (Jòhánù 1:42). Ó bá a wí lọ́pọ̀ ìgbà, àní ní gbangba, ṣùgbọ́n kò gba orúkọ náà padà. Ọlọ́run kò sọ ìwọ náà ní orúkọ àṣìṣe rẹ.

2. KA OHUN TÍ A KỌ DÁADÁA KÍ O TÓ SUNKÚN LÓRÍ RẸ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ lọ́wọ́, bí a bá mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé, wọ́n á ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó ti tó wọ ilé-ìwé. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹkún ni ọmọ tí wọ́n dá padà máa ń sun dé ilé, pàápàá bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wọlé. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti kọ̀ ọ́. Kò mọ̀ pé ohun tí olùkọ́ sọ ni pé, “Kò tíì yá,” kì í ṣe, “A kò fẹ́ ọ.” Ọwọ́ náà ń gùn sí i lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fà á. Gálátíà 4:1-2 kọ́ wa pé àrólé pàápàá, nígbà tí ó wà ní ọmọdé, yóò wà lábẹ́ alágbàtọ́ títí di àkókò tí baba yàn. Olùfẹ́, ó lè jẹ́ pé ohun tí o kà sí ìkọ̀sílẹ̀ ní ti ìgbéyàwó, iṣẹ́ tàbí ọmọ bíbí, “kò tíì yá” ni Baba kọ síbẹ̀. Má ṣe fi ojú omijé ka ìwé Ọlọ́run ní àkàgbé.

3. ITỌ́ KÒ LÈ FỌ SÍLÉÈTÌ MỌ́. Ẹni tí ó bá lo síléètì mọ èyí dáadáa. Dípò kí ọmọdé wá omi àti àkísà, á tutọ́ sí i, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Bí ó bá tutù báyìí, á dàbí ẹni pé ó ti mọ́. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i tí ó gbẹ, àwọ̀ eérú á bò ó, ìwé àná á sì tún máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fọ ọkàn wọn nìyẹn. Ẹlòmíràn á lọ jẹ oyè kí àwọn tó pè é ní olódo lè rí i. Ẹlòmíràn á ra ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ kò ká. Ẹlòmíràn á fi ipá mú ọmọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ dókítà, nítorí pé ojú ń ti òun fúnra rẹ̀. Fún ọjọ́ díẹ̀, á dàbí ẹni pé ó ti mọ́. Bí ariwo ayẹyẹ bá ti lọ sílẹ̀, tí ó ku òun nìkan ní yàrá, ìwé àná á tún yọ.

Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ni ó ń fọ ọkàn mọ́. Ibi tí a kà ní Kólósè 2:14 sọ fún wa pé Kristi pa ìwé tí ó lòdì sí wa rẹ́, Ó sì kàn án mọ́ àgbélébùú. Bí Ó bá lè pa àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ wa rẹ́, èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, ṣé èébú tí í ṣe irọ́ ni yóò wá ṣòro fún Un? Rárá o! Bí o kò bá tíì fi ayé rẹ fún Jésù, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Un, kí o sì gbà Á ní Olúwa àti Olùgbàlà. Ẹni tí Ó bá sì wẹ̀, mímọ́ ni.

4. BABA NÍ ÀṢẸ LÁTI TÚN ORÚKỌ RẸ KỌ. Ẹ padà sí Gẹ́nẹ́sísì 35. Rákélì ń rọbí lójú ọ̀nà, ìnira náà pọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì ń lọ. Nínú ìrora yẹn ni ó fi sọ ọmọ ní Bẹ́nónì, ọmọ ìbànújẹ́ mi. Kò kórìíra ọmọ náà. Ohun tí ara rẹ̀ ń rò ni ó kọ sí ọmọ lára. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù wà níbẹ̀. Òun náà ń ṣọ̀fọ̀, ìyàwó tí ó fẹ́ràn jù lọ ni ó ń kú lọ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ ọjọ́ kan di orúkọ ọmọ títí ayé. Ó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì pe ọmọ náà ní Bẹ́ńjámínì, ọmọ ọwọ́ ọ̀tún mi. Láti inú ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì ni Sọ́ọ̀lù ọba àkọ́kọ́ ní Ísírẹ́lì ti jáde. Ibẹ̀ ni Módékáì àti Ẹ́sítérì ti wá, àwọn tí Ọlọ́run lò láti gba gbogbo Júù lọ́wọ́ ikú. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì náà ti wá (Fílípì 3:5). Bí a bá ti fi Bẹ́nónì sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ tún wo ọmọ ilẹ̀ wa kan tí ń jẹ́ Àjàyí, ará Òṣogùn. Ní 1821, ogun kó ìlú rẹ̀, a sì mú òun náà lẹ́rú. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún tà á láti ọwọ́ olówó kan sí òmíràn títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Bí ẹnikẹ́ni bá wo síléètì ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò bá níbẹ̀: ẹrú. Ṣùgbọ́n ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá wọn dúró, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti wọ ilé-ìwé. Ìtàn rẹ̀ sọ pé ó tọrọ owó kékeré kan lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kí ó lè fi ra ìwé a, b, d tirẹ̀, àti pé láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ní 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní 1864, a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ẹ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Òun ni ó ṣíwájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Hallelúyà! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí à ń kà ní èdè wa láàárọ̀ yìí, ọwọ́ ẹni tí ayé kọ “ẹrú” sí lára ni Ọlọ́run lò láti mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ohun tí ènìyàn kọ tí Baba kò lè tún kọ.

5. DÁRÍ JI ẸNI TÍ Ó KỌ Ọ́. Ibí ni ó le sí, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lé ní 450,000. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, wọ́n lé ní 800,000 ní ọdún kan náà. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ tún ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ohun rere ńlá ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dúró níwájú pátákó, ọ̀dọ́ ni wọ́n, àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ìwé, wọn kò tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ dáadáa. Kíláàsì kún àkúnya. Ohun tí olùkọ́ tiwọn fi pè wọ́n ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń pe ọmọ. Èyí kò sọ èébú di ohun tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ láti rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó pa ọ́ lára ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Bóyá olùkọ́ náà ti kú. Bóyá òun náà ti di arúgbó, tí kò tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ mọ́. Kí ni o ṣe ń gbé e kiri? Dárí jì í, kí síléètì rẹ lè gba ìwé tuntun.

Ní báyìí, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́. Ẹfun ti bọ́ sí ọwọ́ wa. Láìpẹ́, àwọn ọmọ tí ó jókòó síhìn-ín yóò wọ aṣọ ilé-ìwé, wọn yóò gbé báàgì, wọn yóò sì jáde. Kí ni ẹ ó kọ sí wọn lọ́kàn kí wọ́n tó kúrò nínú ilé? Ọmọ tí kò tètè rí bàtà rẹ̀, ṣé “olóríburúkú” ni yóò gbé dání lọ sí kíláàsì? Ọmọ tí ó gba ipò kejìdínlógún ní ìparí sáà tó kọjá, ṣé orúkọ ọmọ aládùúgbò tí ó gba ipò kìíní ni ẹ ó fi kí i káàárọ̀? Orúkọ ọmọ níí ro ọmọ. Bá a wí níbi tí ó ti yẹ kí o bá a wí. Jókòó tì í nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ẹnu ara rẹ sọ Bẹ́ńjámínì di Bẹ́nónì. Olùkọ́ lè kọ òdo sínú ìwé. Má ṣe jẹ́ kí ó bá òdo mìíràn nílé.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ó lè jẹ́ pé ọmọ rẹ ni ó ń ka ìwé yìí sókè fún ọ láàárọ̀ yìí, nítorí pé ìwọ kò lè kà á. Má ṣe jẹ́ kí ojú tì ọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ pe Pétérù àti Jòhánù ní aláìkàwé, síbẹ̀ wọ́n rí i dájú pé wọ́n ti wà pẹ̀lú Jésù (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 4:13). Bí o bá sì fẹ́ kọ́ ìwé, kò pẹ́ jù. Dẹ́kun wíwá awò ojú tí kò sọnù. Sọ fún ọmọ yìí pé, “Kọ́ mi.” Ẹsẹ Bíbélì kan lójoojúmọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run tí ó la ẹnu ọmọ rẹ yóò la ojú tìrẹ náà, ní orúkọ Jésù.

IṢẸ́ TÒNÍ: Kí òbí kọ̀ọ̀kan gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ rere kan sí i, kí ó fi orúkọ rẹ̀ pè é. Bí ọmọ kò bá sí nítòsí, pè é lórí fóònù. Bí olùkọ́ kan tí ó ṣe ọ́ lóore bá ṣì wà láàyè, wá a kàn, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

KÓKÓ ÀDÚRÀ

1. Baba, mo dúpẹ́ nítorí gbogbo ẹni tí Ó lò láti kọ ohun rere sí mi lọ́kàn láti kékeré.

2. Olúwa Jésù, fi ẹ̀jẹ̀ Rẹ fọ ọkàn mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibi tí a kọ sí mi lára ní ìgbà èwe, pa á rẹ́ pátápátá, kí ó má ṣe yọ mọ́.

3. Mo dárí ji olùkọ́, òbí tàbí ẹbí tí ó sọ̀rọ̀ tí ó pa mí lára. Olúwa, tú èmi àti òun sílẹ̀.

4. Baba, orúkọ tí Ìwọ fi ń pè mí, jẹ́ kí n gbọ́ ọ ketekete lónìí.

5. Ẹ̀mí Mímọ́, ṣọ́ ẹnu mi lórí àwọn ọmọ mi. Má ṣe jẹ́ kí n fi ìbínú ọjọ́ kan ba ọjọ́ ọ̀la wọn jẹ́.

6. Gbàdúrà fún gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìlú wa, pé kí Ọlọ́run pa wọ́n mọ́ lọ́nà, kí Ó sì fún wọn ní ọgbọ́n.

Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.